Ta Ló Ní Òkun Wa Ò Ní Ìgbì?

Ilé wa létí òkun,
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ará ilé kí ọ, títí kan àwọn tí kò mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ò ń sùn? Ṣé ilé alájà gogoro tí o ń gbé yẹn ṣì dúró ṣánṣán? Mo gbà á ládùúrà pé kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí iná má lọ nígbà tí o bá wà nínú àpótí tó ń gbé èèyàn ròkè yẹn, kí ọ̀gá rẹ má rí ìdí tí yóò fi bínú sí ọ, kí ìwọ náà má sì rí ìdí tí o ó fi dá a lóhùn. Àmín. Àdúrà tí mo fẹ́ gbà ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ò jẹ́ kí ọkàn mi pa pọ̀, màá parí ìyókù nísàlẹ̀.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti ń sàn, ẹnu rẹ̀ ni kò sinmi. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tí káfíńtà ní òun ti tún ṣe. Mo pè é wá wò ó, ó gbójú sókè, ó ní kì í ṣe pé òrùlé ń jò, ó ní òjò ló ń wọlé. Irú èsì tí mò ń gbọ́ kiri báyìí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa lo ìsinmi, láti ìgbà náà kò sí àga kan nínú ilé yìí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Ǹ bá fi fóònù bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n fóònù ti sú mi. Èyí tí o rà fún mi yìí, àràárọ̀ ló máa ń bi mí bóyá mo gbà. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ kí n gbà. Mo tẹ ibi tó ní rárá, ó dákẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún ní ṣé mo gbà. Àgbàlagbà sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kó tó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Má-Kánjú, ọlọ́kọ̀ wa tí gbogbo ayé mọ̀ pé kò kánjú rí láti ìgbà tí a ti jọ wà ní ilé ìwé, ní àwọn olè kan wà tó máa ń fetí sí ohun tí à ń sọ lórí fóònù, tí èèyàn bá ti dárúkọ ohun iyebíye tó wà nílé, wọ́n dé nìyẹn. Ìdí rèé tí mi ò fi mẹ́nu ba ohun kan tó wà nínú yàrá rẹ, tí mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí nínú ìwé tí mo máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. O sọ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ Àìkú pé ọ́fíìsì yín ti ń ronú àtigbé iṣẹ́ iná mànàmáná orí òkun náà lọ sí etíkun ibòmíràn, nítorí pé òkun tiwa kò ní ìgbì tó tó. Ìyá rẹ gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọmọ mi, mo jókòó sórí àga tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ ni mo bá ara mi, ibẹ̀ náà ni mo sì jókòó sí tí mò ń ronú. Òkun wo ni kò ní ìgbì? Ṣé òkun tó gbé ògiri ọgbà ilé ìwé lọ ni? Ṣé òkun tó ṣí fìlà lórí mi lọ́dún tó kọjá, tí mo dúró jẹ́jẹ́ mi tí mi ò bá a fa nǹkan kan? Tí òkun yẹn ò bá ní ìgbì, á jẹ́ pé èmi náà ò ní irun funfun.

Ṣé a pè yín ni? Ẹ̀yin lẹ wá bá wa. Mo rántí ìpàdé ọjọ́ náà nínú kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, bí ẹ̀yin ará ọ́fíìsì ṣe jókòó sórí àga wọn tí orúnkún ọ̀gá yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó yàwòrán sára pátákó, ó ní àwọn irin gbọọrọ kan yóò máa léfòó lórí òkun, ìgbì á gbé wọn sókè, á sọ wọ́n kalẹ̀, inú ìgbésókè-sọ̀kalẹ̀ yẹn ni iná mànàmáná yóò ti jáde, wáyà á sì gba abẹ́ iyanrìn gbé e wọ̀lú. Obìnrin tó ń yan ẹja béèrè bóyá wáyà yẹn ò ní se ẹja sínú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Má-Kánjú béèrè bóyá ìgbì ò ní tán bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ọ̀gá yín rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbì kì í tán. Jọ̀wọ́, bá mi bi í léèrè ní ọ́fíìsì: ìgbì tí kì í tán, ta ló wá lò ó tán?

Èmi náà dìde lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé mo ka jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń bí ìgbì, nítorí náà bí wọ́n bá ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ apẹja àti lọ́wọ́ onílẹ̀, kí wọ́n má yọ afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìwọ nìkan lo dorí kodò tí ò ń wá nǹkan nínú báàgì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yín wá sọ pé bí iṣẹ́ bá lọ bó ṣe yẹ, ẹ máa kọ́ ọ́fíìsì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá ẹja, ìwọ lo sì máa wá jókòó síbẹ̀ tí wàá máa bójú tó gbogbo rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ yé. Mo délé, mo kó àgbàdo kúrò nínú yàrá rẹ, mo kun ògiri, ìyá rẹ rán kọ́tìnnì, mo ra ibùsùn tuntun, mo ní kí káfíńtà la fèrèsé kan sí ẹ̀gbẹ́ òkun kí o lè máa wo iṣẹ́ rẹ láti orí ìrọ̀rí. Ó la fèrèsé náà, ó wọ́, ṣùgbọ́n òkun hàn níbẹ̀. Ṣé torí òkun tí kò ní ìgbì ni mo fi ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn?

Ó dáa. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹ́lò yẹn wá, èyí tó rí rogodo bí ìkòkò omi ńlá tí iná kékeré wà lórí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, níwájú ibi tí ìgbì ti ń fọ́. O fi fọ́tò tí o yà pẹ̀lú rẹ̀ ránṣẹ́, o gbọ́wọ́ lé e lórí bí ẹni gbọ́wọ́ lé orí àkọ́bí. O ní òun ni yóò máa wọn ìgbì fún yín, pé ohun tó bá sọ ni àwọn olówó máa gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó tọwọ́ bọ àpò. O tún wá ní ó wọ́n ju ilé wa lọ. Irú ọ̀rọ̀ wo ni kéèyàn sọ fún bàbá rẹ̀ nìyẹn, kó sì wá bá tirẹ̀ lọ? Ohun tó wọ́n ju ilé lọ, ẹ jù ú sómi, ẹ ò tiẹ̀ fi ẹnì kan ṣọ́ ọ!

Àràárọ̀ ni mo ń lọ wò ó láti etí omi. Ìgbì á gbé e, á là á mọ́lẹ̀, á bò ó, á tún yọrí, iná orí rẹ̀ á máa ṣẹ́jú wìì wìì bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa gba òun sílẹ̀. Òjò rọ̀ lé e lórí. Ẹyẹ ṣu lé e lórí. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Mo ní iṣẹ́ ọmọ mi rèé tí omi ń nà báyìí, bí ẹ̀wọ̀n yẹn bá já, ta ni wọ́n máa mú? Wọn ò ní mú ọ̀gá tí orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, ọmọ mi tí wọ́n rí ní fọ́tò ni wọ́n máa mú. Mo bá lọ bá Má-Kánjú. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ńṣe ni wọ́n so ó síbẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Mo ní ewúrẹ́ pàápàá, tójò bá ṣú, a máa ń tú u wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà rẹ̀.

Nígbà tí òkun rọ̀ díẹ̀, a wọ ọkọ̀ lọ bá a. Má-Kánjú fi sípánà tú u kúrò lára ẹ̀wọ̀n, a so gálọ́ọ̀nù òfìfo mọ́ orí ẹ̀wọ̀n náà kó má bàa rì, a fi okùn wọ́ ẹ̀rọ wá sí èbúté, àwọn gìrìpá ọkùnrin ló bá wa yí i wọ ilé. Inú yàrá rẹ ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, lórí ibùsùn tuntun, mo fi aṣọ bò ó dé ọrùn. Kò sí òjò, kò sí ẹyẹ, kò sẹ́ni tó ń nà án. Ìyá rẹ ní kí n kúkú máa fún un lóúnjẹ.

Ọkàn tèmi balẹ̀, ni tìrẹ bá dàrú. O pè, o ní ṣé òkun dákẹ́ ni. Mo ní dákẹ́ báwo, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ò ń sọ. O ní ẹ̀rọ yín ní ó dákẹ́ rọ́rọ́, omi ò mira. Mo ní kí ẹ lọ tún kọ̀ǹpútà yín ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì o tún pè, o ní bákan náà ló ṣì wà, pé àwọn olówó ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Inú bí mi, mo sáré lọ sétí omi, mo na fóònù síwájú ìgbì kí o lè fetí ara rẹ gbọ́, ìgbì sì já fóònù náà gbà, Ọlọ́run ló yọ ọ́ tó tún bì í padà. Ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù lo fi pè. O ní ìgbì kan dé lọ́sàn-án yẹn tí ẹ ò rí irú rẹ̀ rí, pé ó yí ẹ̀rọ náà po, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún gbé e dìde, ó tún dà á nù, kí a tètè sá kúrò létíkun. Ìyá rẹ ti di ẹrù kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní kó tú u. Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ náà dáadáa, torí ọjọ́ náà ni a gbá yàrá rẹ, a yí ẹ̀rọ náà bọ́ sílẹ̀, a yí i lọ sẹ́yìnkùlé, a fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ gùn ún bí ẹṣin, ó dà wọ́n nù, wọ́n tún gùn ún, a wá yí i padà wọlé. Gbogbo àkókò yẹn, ojú mi wà lójú òkun, kò sí ìgbì kankan tó ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ọ̀gá yín wá ní òkun tó bá sùn lọ bẹ́ẹ̀, tó wá ta gìrì dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, kò ṣe é fọkàn tán, kò sẹ́ni tó máa fowó lé e.

Èyí tó bí mi nínú jù lọ ni pé o ní ẹ̀rọ náà ń sọ pé orí ilẹ̀ ni òun wà, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ilé wa gan-an, o tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, o ní ọ̀gá yín ní kí ẹ má dá a lóhùn, pé ohun tó fi ń mọ ibi tó wà ló bàjẹ́. Ẹ wo ayé! Ẹ̀rọ sọ ibi tó wà, òótọ́ pọ́ńbélé, ẹ ní ó bàjẹ́. Ó ní òkun ò ní ìgbì, irọ́ gbuu, ẹ gbà á gbọ́. Ṣé torí èyí ni mo fi ta ilẹ̀ rán ọ ní yunifásítì?

Mo ka ibi tí mo bá a dé yìí sétígbọ̀ọ́ ìyá rẹ, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ fún wọn bí ìgbì ṣe rí. Mo ní òun ni. Ó ní níbo ló wà. Mo ní orí ibùsùn. Ó ní ibùsùn tí òun mọ̀ yẹn, ṣé ó ń ru bí òkun ni? Mo rọra ṣàlàyé fún un. Mo ní fóònù ọmọ rẹ, inú yàrá ló máa ń wà, ṣé kì í mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta? Ó tiẹ̀ máa ń sọ òjò ọ̀la fún un. Ẹ̀rọ tó wọ́n ju ilé lọ, ṣé ó di ìgbà tó bá wọnú omi kó tó mọ̀ pé omi wà? Ìyá rẹ ní bí òun bá fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ tó nínú ọbẹ̀, òun kì í fi ṣíbí tẹ́ sórí tábìlì kí òun máa bi í léèrè. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ó ní lóòótọ́, torí ọbẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Mo pa bírò dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Awakọ̀ tó ń kó ẹja lọ sí ìlú ńlá, tí mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán, ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀, kò tíì lọ, mo tún ṣí i pé kí n fi díẹ̀ kún un.

O pe ìyá rẹ lánàá. Ó ní o sọ pé Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fẹnu ọ̀rọ̀ jóná, pé bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà lọ, ìwọ náà máa bá a lọ ni, sí etíkun kan tó jẹ́ pé bàálù nìkan ló ń débẹ̀. Ó ní ohùn rẹ ń gbọ̀n. Mo bi í bóyá ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fún ọ, ó ní ẹnu òun kọ́, ẹni tó gbé e ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo wọ yàrá rẹ lọ, mo jókòó ti ẹ̀rọ yẹn. Àárín ibùsùn ti tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kọ́tìnnì ń fẹ́. Gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kò kù ju èèyàn lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi, mo sì fi etí aṣọ tí mo fi bò ó nù ún.

Mi ò sọ pé òótọ́ ni ìyá rẹ sọ o. Má jẹ́ kó jáde báyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé bàbá tó bá ń ronú máa ń dí gbogbo ihò tí wọ́n lè gbà dá ọmọ rẹ̀ lẹ́bi. Láàárọ̀ òní, a tún yí ẹ̀rọ náà padà lọ sétí omi, ìyá rẹ dúró sórí iyanrìn, ó ká apá lé àyà. Òkun ò tíì gbọ́ pé òun ò ní ìgbì mọ́. Ó gbé ọkọ̀ Má-Kánjú sókè títí mo fi rí òrùlé ilé ìdáná wa láti orí omi, mo sì rí ibi tó ń jò. Ó tún jù wá sílẹ̀. Mo bì. Mo tún bì. Má-Kánjú ní kí n fara balẹ̀, pé ilé ò jó, ó ń wá gálọ́ọ̀nù tí a so mọ́ ẹ̀wọ̀n bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó ti sọ nù lọ́dún mẹ́wàá, omi sì ń kún bo ẹsẹ̀ wa. Mo pariwo mọ́ ọn dé ibi tí ohùn mi ti há. Ó rí i níkẹyìn, ó de ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó dè é le, èmi fúnra mi fà á wò. A tú okùn. Ó rì, ó tún yọ, ó ń ṣẹ́jú. Bí ìgbì ṣe ń nà án lọ yẹn, mi ò lè wò ó, mo kọ ẹ̀yìn sí i títí a fi gúnlẹ̀. Ìyá rẹ fún mi ní aṣọ gbígbẹ àti omi gbígbóná. Ì bá kúkú bú mi.

Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó gbé ẹ̀rọ wọn kúrò, má parọ́, má sì wá ẹni tí wàá dì í rù. Sọ pé bàbá rẹ ni. Kí ọ̀gá yín wá bá mi nílé, a ní àga tó ga, èmi náà sì ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹni tó ń fi ohun iyebíye sílẹ̀ sínú òjò sọ. Ṣùgbọ́n kó tó bínú, bẹ̀ ẹ́ kó tún ẹ̀rọ náà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí Ọjọ́rú tó pé.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Epo tí Má-Kánjú fi lọ fi bọ̀ wà níbẹ̀, ibùsùn yẹn ò ní gba èèyàn mọ́ láìtún un ṣe, mo sì fẹ́ kí káfíńtà mìíràn wá wo òrùlé, ẹni tó gbà pé òjò àti òrùlé jọ ní nǹkan ṣe. Èyí tí o bá rí ni kó o fi ránṣẹ́, má yá owó o. Má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́ lórí fóònù bóyá o gbà.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, kò ní sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀nà tó máa gbé ọ jìnnà sí wa, yóò dí. Èyí tó máa mú ọ wálé, yóò là. Oúnjẹ rẹ kò ní korò lẹ́nu rẹ. Ọjọ́rú á san ọ́, ọ̀gá rẹ á fi ojú àánú wò ọ́, àwa náà á sì fi ojú wa rí ọ lójú fèrèsé wíwọ́ yẹn tí wàá máa wo iṣẹ́ rẹ. Àmín.

Lọ wo kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń sọ pé ìgbì ti dé, jọ̀wọ́, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè. Fún mi ní ọjọ́ kan kí ìyá rẹ tó gbọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí kò sùn.